Bí Ọmọ Ogun Ilé-Ifẹ̀ Bá Fẹ́ Sọ̀rọ̀

Ẹni tó bá ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí á ti gbọ́ orúkọ Age of Empires. Ẹ ó kó àgbẹ̀ jọ, ẹ ó gé igi, ẹ ó wa góòlù, ẹ ó mọ odi, ẹ ó sì kó ogun lọ bá ẹlòmíì. Kò dà bí ayò tí èèyàn ń dúró kí ó kàn án o: bí ẹ ṣe ń kọ́lé yín lọ́wọ́ ni ọ̀tá náà ń kọ́ tirẹ̀, ẹni tó bá dìde lọ bu omi mu lè padà bá ìlú rẹ̀ nínú iná. Àkọ́kọ́ jáde ní 1997, ẹ̀kẹta ní 2005, a ò sì rí ẹ̀kẹrin títí di oṣù kẹwàá 2021. Àwọn kan ní àwòrán rẹ̀ dà bíi ti ọmọdé. Wọn ò parọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi etí gbọ́ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Sànmánì mẹ́rin ló wà nínú géèmù náà. Tí ẹ bá mú ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ tẹ òṣìṣẹ́ kan ní sànmánì àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni yóò fi dá yín lóhùn, irú èyí tí wọ́n ń sọ kí àwọn ará Normandy tó ṣẹ́gun wọn ní 1066. Bóyá lẹ fi máa gbọ́ ẹyọ kan. Bí sànmánì ṣe ń yí ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń yí, tó bá fi máa di ìkẹrin, etí yín á ti máa mú un. Rúmúmeètì mi kọ́kọ́ rò pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ségesège.

Yorùbá ńkọ́? Wọ́n fi Hausa sínú ẹ̀kẹta ní 2021, wọ́n fi Mali sínú ẹ̀kẹrin ní 2022. Àwa Yorùbá wà nínú ẹ̀kẹta, àmọ́ bí abúlé kékeré tí èèyàn lè bá ṣe àdéhùn. Inú bí rúmúmeètì mi. Èmi ò tíì ráyè bínú, nítorí ìbéèrè mìíràn ló gbà mí lọ́kàn: bí wọ́n bá pè wá lọ́la, èdè wo la máa fi sẹ́nu ọmọ ogun Ilé-Ifẹ̀ ti nǹkan bí 1300? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ní tiwa, 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Crowther jáde, ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ ló sì pọ̀ jù nínú Yorùbá tí à ń kọ lónìí. Ọmọ ogun yẹn ò lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò.

Àwọn tí wọ́n máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ló ní ìdáhùn lọ́wọ́. Ulé ni Èkìtì ń pe ilé, uṣẹ́ ni wọ́n ń pe iṣẹ́. Ọ̀ghọ̀ ni ará Ọ̀wọ̀ ń pe ìlú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó fi ẹ̀ka-èdè wa wé Ìṣẹkírì àti Igala, bí Akínkugbé ní 1978, fi hàn pé a lè tọ ipasẹ̀ ìró àtijọ́ bẹ́ẹ̀: ìró gh yẹn ti wà tipẹ́, Ọ̀yọ́ ló sọ ọ́ di w. Ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi, ẹni tó bá sọ ulé ń jẹgba ni. Màmá mi kò sì fi Èkìtì bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tí a kó dé Ìbàdàn.

Màmá àgbà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà ọlidé tó kọjá, mo gbé fóònù lọ bá wọn, mo sì ń da ọ̀rọ̀ inú géèmù náà bò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: bí ọba bá ní kí ẹ lọ gégi, kí lẹ máa fèsì? Bí wọ́n bá ní kí ẹ mọ odi ńkọ́? Wọ́n dáhùn gbogbo rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi lọ yunifásítì nìyẹn. Nígbà tí mo dé orí "ọ̀tá ti dé," wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ dà?

Alábòójútó mi ti fọwọ́ sí pirójẹ́ẹ̀tì náà, ó kàn ní kí n yọ géèmù kúrò nínú àkòrí ni. Mo ti ń kọ ohun tí mo gbà sílẹ̀ jáde. Èkìtì nìkan ò tó: ẹni tó bá ní ìyá tàbí bàbá àgbà ní Ọ̀wọ̀ tàbí Oǹdó, tí wọn ò ní kọ ìbéèrè ogun, kí ó jọ̀ọ́ wá mi wá ní kíláàsì àwọn ọlọ́dún kẹrin.