Ojú, Ẹ̀yìn àti Etí: Ọ̀rọ̀ lórí Owó Wúrà Àtijọ́ ti Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ owó wúrà àtijọ́ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ó kan èdè Yorùbá nínú owó aláwọ̀ funfun. Ẹ fara balẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó owó àtijọ́ jọ níwọ̀n bí agbára mi ti mọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì fi kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Ìgbà tí ó di dandan pé kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní èdè abínibí wa ni mo tó rí i pé ọ̀rọ̀ tí a nílò ti wà nílé tipẹ́tipẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ìpínlẹ̀ Maryland ni ó ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò pẹ́ tí ó fẹ̀yìn tì ni ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórí fóònù láti ilé iṣẹ́ kan tí ń ta wúrà. Ọkùnrin náà ní ìjọba Amẹ́ríkà ti gba wúrà lọ́wọ́ ará ìlú rí, pé wọ́n sì tún lè gbà á, ṣùgbọ́n pé wọn kì yóò fọwọ́ kan owó wúrà àtijọ́. Nítorí náà, kí ẹ̀gbọ́n mi ra ẹyọ mẹ́wàá nínú owó wúrà dọ́là 20 tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1904. Iye tí ó dá lé ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì wúrà tí ó wà nínú rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi san án.

Ó pè mí. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé òótọ́ ni ọkùnrin yìí ń sọ?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé."

Ìtàn náà nìyí. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 1933, Ààrẹ Franklin Roosevelt pàṣẹ pé kí àwọn ará ìlú kó wúrà ọwọ́ wọn lọ sí ilé ìfowópamọ́, kí wọ́n sì gba owó mìíràn dípò rẹ̀. Dọ́là 20 àti sẹ́ǹtì 67 ni iye áńsì wúrà kan nígbà náà. Nígbà tí ó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1934, ìjọba kan náà sọ áńsì kan di dọ́là 35. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó tètè gbọ́ràn. Àṣẹ náà gbà kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú owó wúrà tí kò ju dọ́là 100 lọ sọ́wọ́, ó sì yọ owó wúrà tí ó ṣọ̀wọ́n, èyí tí àwọn akówójọ kà sí iyebíye, sílẹ̀. Ìyọsílẹ̀ yìí ni àwọn ọlọ́jà kan dì mú títí di òní. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé láti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1974 ni òfin ti tún gba ẹnikẹ́ni láyè láti ní wúrà ní Amẹ́ríkà, ìbáà ṣe ti àtijọ́ tàbí tuntun. Wọn kì í sì í sọ pé owó ọdún 1904 kò ṣọ̀wọ́n rárá. Ó ju mílíọ̀nù 6 ẹyọ lọ tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú Philadelphia nìkan ní ọdún yẹn. Ìjọba yọ́ púpọ̀ nínú irú owó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àṣẹ náà, ṣùgbọ́n púpọ̀ ti wà nínú àpò ní àwọn báǹkì ilẹ̀ Yúróòpù àti Gúúsù Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń padà wálé láti ìgbà náà wá.

Ẹyẹ idì ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi sọ owó wúrà wọn lórúkọ. Dọ́là 10 ni Eagle, ìdajì rẹ̀ ni Half Eagle, dọ́là 2 àbọ̀ ni Quarter Eagle, dọ́là 20 sì ni Double Eagle. Ọdún 1795 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ Half Eagle àti Eagle. Double Eagle kò dé ọwọ́ ará ìlú títí di ọdún 1850, lẹ́yìn tí wọ́n ti rí wúrà rẹpẹtẹ ní California. Òun ni a óò gbájú mọ́. Ó wọn gíráàmù 33.436. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, wúrà ni mẹ́sàn-án, bàbà ni ó sì pọ̀ jù nínú èyí tí ó kù. Òun ni ó jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Wúrà inú rẹ̀ jẹ́ 0.9675 nínú áńsì àwọn oníwúrà, èyí tí ó tó gíráàmù 31.1. Ẹ fi 0.9675 yìí ṣe ìlọ́po iye tí wọ́n ń ta áńsì kan lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ ó mọ iye wúrà náà. Ohunkóhun tí ẹ bá san lé e, ojú ni ẹ fi ra.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ni ó wí bẹ́ẹ̀. Owó náà ní ojú, níbi tí orí obìnrin tí wọ́n ń pè ní Liberty wà; ó ní ẹ̀yìn, níbi tí idì wà; ó sì ní etí. Etí nìkan ni kí ẹ máa fi ìka mú. Nísàlẹ̀ idì ni lẹ́tà kékeré tí ń sọ ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ máa ń wà: S ni San Francisco, CC ni Carson City, O ni New Orleans. Èyí tí kò ní lẹ́tà, Philadelphia ni. Lẹ́tà kékeré yìí lè yí iye owó padà ju bí ojú ti lè rò lọ. Double Eagle 3,789 péré ni wọ́n tẹ̀ ní Carson City ní ọdún 1870. Ẹ fi èyí wé mílíọ̀nù 6 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ra ẹyọ kan lọ́wọ́ ọkùnrin náà láti fi dán an wò. Ọkùnrin náà ní 64 ni ìpele rẹ̀. Mo mú awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, mo tan iná kan ṣoṣo, mo sì kó ẹyọ mẹ́ta tèmi jáde kí ó lè rí ohun tí yóò fi wé e. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n pẹ́ lórí rẹ̀. Ó gbé èkíní sábẹ́ awò, ó wo irun orí Liberty lókè iwájú orí, níbi tí ó ga jù lójú owó náà, ó ní, "Èyí ti gbó." Bẹ́ẹ̀ ni. Owó tí ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá a máa gbó láti ibi gíga: irun orí, ṣónṣó adé, etí ìyẹ́ idì. Ibẹ̀ a tẹ́jú, a sì ṣú ju àyíká rẹ̀ lọ.

Ó mú èkejì. Ojú ibi tí ó ga mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ Liberty kún fún àpá. Ó ní, "Èyí kò gbó, ó kàn fara gbọgbẹ́ ni." Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró. Ọ̀pọ̀ akówójọ ni ó ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ ìyàtọ̀ yìí. Inú àpò ńlá ni wọ́n máa ń da owó wọ̀nyí sí láti ilé ìtẹ̀wó, Double Eagle wúwo, wúrà sì rọ̀, wọn a sì máa gbá ara wọn lára. Ẹyọ tí ẹnikẹ́ni kò ná rí lè fara gbọgbẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó mú èyí tí ó rà. Ó dán gbinrin. Ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ iná, ó dákẹ́, ó tún yí i. Ó ní, "Àbúrò, èyí ti bóra."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ bí awọ ẹni tí ó ń bóra ti máa ń rí: ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ẹnì kan ti fi nǹkan fọ owó náà tàbí kí ó ti fi aṣọ nù ún. Nígbà tí irin òǹtẹ̀ bá tẹ wúrà, wúrà a máa ṣàn díẹ̀ láti àárín lọ sí etí, a sì fi ilà tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí sílẹ̀. Àwọn ilà wọ̀nyí ni ó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ máa yí po bí a bá ń yí owó náà lábẹ́ iná. Ẹni tí ó bá fọ̀ ọ́ ti pa wọ́n rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ yóò wà, ṣùgbọ́n kò ní yí mọ́, ẹ ó sì rí ìlà híha wẹ́wẹ́ bí irun lójú rẹ̀. Kò sí ohun tí ó lè dá a padà.

Gbó, gbọgbẹ́, bóra. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ wọ́n, ẹni tí ó bá sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú owó wúrà ti mọ èyí tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà.

Ní ti ìpele tí ọkùnrin náà pè ní 64, William Sheldon ni ó gbé irú òǹkà bẹ́ẹ̀ jáde nínú ìwé kan ní ọdún 1949. Sẹ́ǹtì bàbà ayé àtijọ́ ni ó ṣe é fún, kì í ṣe wúrà. Láti 1 dé 70 ni. Èrò rẹ̀ ni pé ẹyọ tí ó wà ní 70 yóò tó ìlọ́po 70 iye èyí tí ó wà ní 1. Ọjà kò gbọ́ tirẹ̀, ìṣirò náà wó, òǹkà dúró. Lóde òní, láti 60 sókè ni ti owó tí kò gbó rárá. 50 sí 58 ni ti èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa gbó. Ohun tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ẹyọ tí ó wà ní 58 sábà máa ń wu ojú ju ti 60 lọ, nítorí ọgbẹ́ ti bo ti 60. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí ó dára lójú tí kò sì wọ́n, ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Láti ọdún 1986 ni ilé iṣẹ́ PCGS ti ń dá owó sí ìpele; NGC tẹ̀ lé e ní ọdún 1987. Wọn a yẹ owó wò, wọn a tì í mọ́ inú ike, wọn a sì kọ ìpele àti nọ́ńbà sí i lára. Èyí tí ó bá ti bóra, wọn kì í fún un ní òǹkà ìpele. Wọn a kọ àléébù rẹ̀ sí i lára. Mo fọkàn tán wọn dé ìwọ̀n kan. Èrò àwọn tí ojú wọn là ni ìpele jẹ́, kì í ṣe ohun tí a gbé lé òṣùwọ̀n. Ẹyọ kan náà lè padà lọ kí ó sì gba òǹkà mìíràn. Àwọn ọ̀daràn sì ti ń ṣe ayédèrú ike náà, nítorí náà, kí ẹ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó.

Ayédèrú owó pàápàá wà, èyí tí ó sì léwu jù ni èyí tí wọ́n fi ojúlówó wúrà ṣe. Àwọn kan ṣe irú rẹ̀ ní Lẹ́bánónì ní ọ̀rúndún tó kọjá. Òṣùwọ̀n kò lè mú wọn, nítorí wúrà wọn pé. Ẹnì kan wà tí ó ṣe ayédèrú Double Eagle ọdún 1907 tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lẹ́tà omega ti àwọn ará Gíríìsì, tín-tìn-tín, pamọ́ sí èékánná idì. Ó buwọ́ lùwé olè rẹ̀! Ojúlówó owó ọdún 1907 yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ Augustus Saint-Gaudens, ni mo kà sí èyí tí ó lẹ́wà jù nínú owó tí Amẹ́ríkà tẹ̀. Theodore Roosevelt, ààrẹ ìgbà náà, ni ó rọ̀ ọ́ láti ṣe é, ṣùgbọ́n ikú mú gbẹ́nàgbẹ́nà náà ní oṣù kẹjọ ọdún náà kí wọ́n tó kó owó náà jáde fún ará ìlú.

Ẹ̀gbọ́n mi dá ẹyọ tí ó bóra padà kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá, kò sì gbé fóònù ọkùnrin náà mọ́. Nígbà tí ó yá, a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí a lè jókòó sí, kí a sì wo ọjà lábẹ́ iná. Ó yẹ ẹyọ mọ́kànlá wò. Ọlọ́jà fi ọ̀kan nínú iṣẹ́ Saint-Gaudens hàn án, ti ọdún 1908, èyí tí kò ní gbólóhùn ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run lára. Mo ṣàlàyé pé Roosevelt rò pé àbùkù ni fún orúkọ Ọlọ́run láti wà lára owó, àti pé àwọn aṣòfin ni wọ́n dá a padà ní ọdún 1908 kan náà. Ó gbọ́ tán, ó rọra tì í padà. Ó ní òun kò bá Roosevelt jà, ṣùgbọ́n òun kò lè gbé e sílé. Méjì ni ó rà nínú ti ọdún 1904, ìpele 62, ní iye tí kò fi púpọ̀ ju ti wúrà inú wọn lọ. Ìyókù owó rẹ̀ wà níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò rí fà yọ: ìmọ́lẹ̀ tí ń yí po lójú owó tí a kò fọ̀ rí. A sọ pé ó ń dán. Kò tó, èyí tí ó bóra náà ń dán. A sọ pé ó ń kọ mànà, ṣùgbọ́n mànàmáná kì í yí. Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí bàbá bàbá yín jẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Ìjẹ̀bú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi béèrè: kí ni wọ́n ń pè é?