Kí Olọ́rọ̀ Tó Rí Tirẹ̀
Babaláwo ni bàbá mi àgbà. Wọn kì í bi ẹni tí ó wá dífá léèrè ìṣòro rẹ̀. Olúwarẹ̀ yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí owó kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí ọ̀kan nínú odù 256 bá jáde, wọn a máa ké ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ títí àlejò yóò fi wí pé, "Bàbá, ẹ dúró, ọ̀rọ̀ mi nìyẹn."

Mo bi wọ́n pé kí wá ni iṣẹ́ tiwọn. Wọ́n ní, "Kí ẹsẹ̀ má ṣe tán lẹ́nu mi kí olọ́rọ̀ tó rí tirẹ̀."

Bàbá ti papòdà. Nínú àwa ọmọ ọmọ wọn, kò sí ẹni tí ó lè ké ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí olọ́rọ̀ bá kanlẹ̀kùn lónìí, kí ni a ó ké fún un?