Máàpù Tó Mọ Orúkọ Ewé

Abẹ́ igi ni Kùmásì ti gba orúkọ. Ìtàn àwọn Aṣáńtì sọ pé Ọ̀kọ́ńfọ̀ Anokye, àlùfáà tó bá ọba Osei Tutu tẹ ìjọba wọn dó, gbin igi kum sí ìlú ju ẹyọ kan lọ kí wọ́n lè mọ ibi tí olú ìlú yóò wà. Èyí tó gbìn sí Kwaman ló hù, tó gbilẹ̀, tó ṣíji bo ilẹ̀. Ni wọ́n bá ń pe ibẹ̀ ní "Kum ase", abẹ́ igi kum. Ìlú tó ti abẹ́ igi gba orúkọ yìí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ igbó jókòó sí nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ èyí tó ṣì jẹ́ igbó lóòótọ́ nínú gbogbo igbó ọba Gánà. Máàpù tí iṣẹ́ wọn bí ni mo fẹ́ ṣàpèjúwe, nítorí n kò tíì rí ìwé kan tó fi ìfẹ́ wo igbó láwòfín tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tẹ́ ẹ síwájú yín. Ìsàlẹ̀ Gánà ló wà lórí rẹ̀, láti ààlà Côte d'Ivoire ní ìwọ̀ oòrùn títí lọ sí ẹ̀gbẹ́ odò Volta. Àwọn igbó ọba, èyí tí àwọn agégẹdú tiwa ń pè ní rìsáfù, fọ́n ká ojú rẹ̀ bí àbùlẹ̀ lára aṣọ oko. Wọ́n ju 200 lọ. Òmíràn gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀lé orí òkè. Òmíràn rí kìrìbìtì. Òmíràn kéré débi pé àtàǹpàkò lè bò ó mọ́lẹ̀. Láàárín wọn, oko kòkó, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, abúlé àti ìlú ló gba ilẹ̀ tó kù. Tẹ́lẹ̀, ààlà nìkan ni máàpù máa ń fi hàn: igbó rèé, oko rèé. Ẹni tó bá wò ó yóò rò pé gbogbo igbó ọba ló dọ́gba. Máàpù yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú àbùlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan wà, láti 1 dé 6.

Nọ́ńbà 1 ni ti igbó tó ṣì wà bí Ẹlẹ́dàá ṣe dá a: ibi tí ọwọ́ ènìyàn tàbí iná ti bà jẹ́ níbẹ̀ kò tó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá dúró sínú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ìmọ́lẹ̀ á máa kán sílẹ̀ tó-tó-tó bí omi inú ajere, ẹsẹ̀ yín á sì máa rìn láìsí ìdíwọ́, nítorí òjìji kò jẹ́ kí igbó abẹ́ di. Ní nọ́ńbà 2, wọ́n ti lè gé gẹdú níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà kéré, ó sì ti ń jinná. Ní nọ́ńbà 3, àpá pọ̀, àmọ́ ara ṣì lágbára ju ọgbẹ́ lọ. Ní nọ́ńbà 4, ọgbẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ara. Ní nọ́ńbà 5, ibi tí igi ti forí kanrí tí ewé wọn pàdé kò tó ìdámẹ́rin ilẹ̀ náà mọ́. Nọ́ńbà 6, orúkọ nìkan ló kù. Igbó ọba ni wọ́n ṣì ń pè é nínú ìwé. Koríko, oko, àti igi tíìkì tí wọ́n gbìn tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ilé ìwé tó tò sórí ìlà ni ẹ ó bá níbẹ̀.

Kì í ṣe àfojúdá ni wọ́n fi kọ àwọn nọ́ńbà yìí. Láàárín 1985 sí 1989, Ẹ̀ka Igbó Gánà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, rán àwọn òṣìṣẹ́ wọ inú igbó láti ka igi. Wọ́n ń la ọ̀nà tóóró pẹ̀lú àdá, wọ́n ń fi okùn wọn ilẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ igi bí wọ́n ṣe ń kàn án, ẹnì kan sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lára iṣẹ́ yẹn, àti ti ewéko tó tẹ̀lé e, ni William Hawthorne àti Musah Abu-Juam ti kọ ìwé wọn lórí ìdáàbòbò igbó Gánà, tí ó jáde ní 1995.

Ẹ fi ìka tẹ̀lé nọ́ńbà 6 lọ sókè, sí ìhà àríwá Kùmásì, níbi tí igbó Afram Headwaters wà ní agbègbè Offinso. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ ju ti gúúsù lọ. Nígbà tí ọ̀dá 1983 dé, iná wọ igbó tí iná kì í wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ewé gbígbẹ ń jó nílẹ̀, igi ńláńlá ń kú ní ìdúró, oko kòkó ń di eérú. Ọdún yẹn kan náà ni Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà padà sílé ní oṣù kìn-ín-ní, tí báàgì onílà pupa àti aró fi gba orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Àwọn tí a lé kúrò ní Èkó dé bá ìyàn nílé, wọ́n tún bá iná. Bí mo bá ti rí nọ́ńbà 6 lórí máàpù náà, ọdún yẹn ni mo máa ń rántí.

Máàpù kò tó kí ènìyàn rí igbó, nítorí náà mo lọ sí Bobiri. Ní Kubease, lójú títì Kùmásì sí Àkrà, ọ̀nà erùpẹ̀ kan yà wọ inú igbó náà. Ọdún 1939 ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, ó fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 54, FORIG, iléeṣẹ́ ìwádìí igbó tó wà ní Fumesua, ló sì ń lò ó fún iṣẹ́ ìwádìí. Labalábá ibẹ̀ tó nǹkan bí oríṣi 400. Wọ́n ń bà lé ojú ọ̀nà tútù bí ẹni da ègé aṣọ sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kàn wọ́n, wọ́n á fò pẹ́rẹ́, wọ́n á tún bà síwájú díẹ̀.

Àgbàlagbà kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ dídá igi mọ̀ ló mú mi wọlé. Mo ń pè é ní Nana, bí wọ́n ti ń pe àgbà níbẹ̀. Kí a tó kúrò létí oko, ó fi àdá tọ́ka sí ewé kan tó kún bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. "Acheampong," ó ní. Orúkọ ọ̀gágun tó ṣe olórí Gánà láti 1972 sí 1978 ni wọ́n fi ń pè é. Mo ní, "Nana, àwa náà fi orúkọ olóṣèlú pè é. Akíntọ́lá ni." Ó mi orí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé náà ti wá, ibi tí igbó bá ti ya ni ó sì ń sáré sí. Bí ó bá ti kún ibì kan, ẹ ti mọ̀ pé nọ́ńbà ibẹ̀ kò lè dára.

A wọ abẹ́ òjìji. Ó ń fi Twi pe igi, mo ń fi Yorùbá dá a lóhùn. Ó na ọwọ́ sí igi kan tí gbòǹgbò rẹ̀ na apá sílẹ̀ bí ògiri. "Wawa." Mo ní, "Arère." "Odum." "Ìrókò." "Onyina." "Àràbà." Ó sún mọ́ igi kan, ó fi ẹnu àdá ha èèpo rẹ̀, kò ju gígùn èékánná lọ. Oje funfun yọ, ó kán, ó ṣàn sílẹ̀ bí ọmú abiyamọ. "Funtum." "Irẹ́," mo dáhùn. Ó ha òmíràn: inú rẹ̀ pupa fòò, ó ní kí n fi ahọ́n kàn án. Ó korò dé ọ̀nà ọ̀fun. N kò dúró kí ó tó pè é. "Ọ̀gànwó!" Inú mi dùn bí ẹni tó rí ará ilé ní àjò.

Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí igi kékeré kan tí kò ga ju ìbàdí mi lọ. Ewé rẹ̀ kò ju ewé lásán lọ lójú mi; bí mo bá ń ṣán oko, èmi ì bá ti gé e. Kò fi Twi pè é. Látìnì ló fi pè é, ó sì wò mí, ó ń retí tèmi.

"Nana, a ò ní eléyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Nítorí ìyẹn ló ṣe ní ìràwọ̀."

Ibẹ̀ ni apá kejì máàpù náà ti yé mi. Yàtọ̀ sí nọ́ńbà ara líle, ìyẹn 1 dé 6, Hawthorne fún ewéko inú igbó Gánà kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀ tó ní àwọ̀. Ìràwọ̀ dúdú ni ti èyí tó ṣọ̀wọ́n jù lágbàáyé, tí Gánà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Wúrà tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà àwọ̀ aró. Àwọn pupa wà fún igi tí kò ṣọ̀wọ́n ṣùgbọ́n tí ayùn ń lé kiri. Ìrókò àti ọ̀gànwó wà nínú èyí tó pọ́n jù. Àwọ̀ ewé ni ti èyí tó pọ̀ káàkiri, tí kò sí ewu lórí rẹ̀. Nígbà ìṣirò, dúdú kan gba 27, wúrà kan gba 9, aró kan gba 3, àwọ̀ ewé gba òdo. Dúdú kan wúwo tó wúrà mẹ́ta. Wúrà kan wúwo tó aró mẹ́ta. Wọ́n á kó máàkì gbogbo oríṣi ewéko tí wọ́n rí níbì kan jọ, wọ́n á pín in fún iye oríṣi náà. Bí èsì bá ti ga tó ni ìṣúra ibẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n tó. Ìràwọ̀ dúdú ló wà láàárín àsíá Gánà. Ó tọ́ kí ó wà lórí ohun tí orílẹ̀-èdè náà nìkan lè pa mọ́ fún ayé.

Kí ló dé tí èmi tí mo mọ arère mọ irẹ́ kò fi mọ igi kékeré yẹn? Ẹ rántí ìrìn ojú títì láti Èkó sí Àkrà. Bí ẹ bá ti kọjá ààlà Nàìjíríà, igbó ńlá á dáwọ́ dúró. Koríko, ọ̀pẹ àti àgbọn ló kù, gba Benin àti Togo kọjá. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní àlàfo Dahomey. Igi tó lágbára, tí afẹ́fẹ́, ẹyẹ tàbí àdán ń gbé èso rẹ̀ rìn jìnnà, wà ní ìhà méjèèjì, ìdí nìyẹn tí Twi àti Yorùbá fi ní orúkọ fún un. Èyí tí kò lè rìn jìnnà dúró sí ìhà kan. Ibi tí orúkọ méjèèjì ti pàdé ni igi tó pọ̀ wà. Ibi tí mo ti panu mọ́ ni ọrọ̀ wà.

Nítorí náà, ara líle yàtọ̀ sí ìṣọ̀wọ́n. Igi gíga lè dúró gbọn-in-gbọn-in ní igbó kan, kí ó jẹ́ àwọ̀ ewé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Igbó kúkurú lórí òkè olókùúta, tí agégẹdú kò ní wò lẹ́ẹ̀mejì, lè ní Talbotiella gentii, igi oníràwọ̀ dúdú tí a kò rí níbi kankan láyé àfi ní Gánà. Ẹni tó bá fẹ́ pín owó àti ẹ̀ṣọ́ fún igbó gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà méjèèjì pọ̀, bí dókítà ṣe ń bi aláìsàn léèrè àìsàn rẹ̀, tí ó sì ń bi í bóyá ó ní ọmọ lẹ́yìn.

Ìwé náà kò wà lórí pẹpẹ lásán. Nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá ń parí lọ, Gánà mú bí igbó 30 tí máàkì wọn ga jù, ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kí agégẹdú má wọ̀ wọ́n. Òkè Atewa wà lára wọn, igbó tútù tí odò Birim, Densu àti Ayensu ti ń ṣàn wá. Ṣùgbọ́n bauxite wà lábẹ́ Atewa, wúrà sì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ igbó Aṣáńtì. Ní 2022, òfin L.I. 2462 ṣí ọ̀nà fún ìwakùsà nínú igbó ọba, pàápàá nínú àwọn tí ìràwọ̀ wọn pọ̀ jù, bí ààrẹ bá ti fọwọ́ sí i. Ará ìlú pariwo, àwọn òṣìṣẹ́ pariwo, ní 2025 ìjọba sì gbé ìgbésẹ̀ láti fagi lé e. Lábẹ́ gbogbo èyí, galamsey, ìwakùsà wúrà tí kò gba àṣẹ, ń gbẹ́ ilẹ̀, ń sọ omi odò Offin di ẹrẹ̀. Máàpù kò ní àdá, kò ní ìbọn. Ohun tó lè ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun kò mọ ohun tí òun ń bà jẹ́.

Àwọn bàbá wa ti mọ irú ìwọ̀n yìí. Ní Asantemanso, níbi tí àwọn Aṣáńtì gbà pé baba ńlá wọn ti yọ láti inú ilẹ̀, àdá kì í wọ igbó. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Asase Yaa, òrìṣà ilẹ̀ wọn, ilẹ̀ máa ń sinmi lọ́wọ́ ọkọ́. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kò ju hẹ́kítà 75 lọ, síbẹ̀ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn náà ti ní àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, UNESCO sì ti mọ̀ ọ́n láti 1977. Èèwọ̀ ni máàpù àwọn àgbà. Ohun tí èyí tòde òní fi kún un ni pé ó bi ewé kọ̀ọ̀kan léèrè: ibòmíràn wo láyé ni o tún wà?

Mo ń fẹ́ kí wọ́n bi igbó Oǹdó, Èkìtì àti Ògùn ní ìbéèrè kan náà, ewé kan lẹ́yìn òmíràn, kí ayùn tó dé. Àwa náà ní tiwa ní ìhà tiwa àlàfo náà, èyí tí Nana kò ní rí Twi pè bí a bá mú un débẹ̀.

Kí a tó jáde ní Bobiri, ó dá mi dúró lẹ́ẹ̀kan sí i nídìí igi kékeré yẹn. Ó ní kí n pe orúkọ rẹ̀. Mo pè é, ó ṣì. Ó tún un pè fún mi díẹ̀díẹ̀, èmi náà tún un pè, ó ṣì ṣì díẹ̀. Ìgbà kẹta ni ó tó mi orí. Ó fi ẹsẹ̀ gbá ewé gbígbẹ padà sórí gbòǹgbò rẹ̀, ó gbé àdá rẹ̀ sí abíyá, a sì ń lọ.