Lẹ́tà sí Àkànní lórí Oògùn Ìrora Ọmọ

Lọ́ńdọ̀nù

Àkànní Òpó, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á títí mo fi dé ibi tí ẹ ti wí pé, nítorí ọ̀rọ̀ tí Bàbá Òkè-Àdó sọ, láti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ẹ kò ní fún Àyìnlá ọmọ yín ní mọ́fíìnì, oògùn ìrora olómi tí dókítà ilé ìwòsàn UCH kọ fún un, mọ́, àfi bí ó bá sunkún; láti ìgbà náà ni ọkàn mi ti dà rú.

Ohun tó bá dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Àkànní, ẹ má dúró de ẹkún! Nǹkan bí wákàtí 4 ni agbára oògùn olómi yẹn ń lò lára, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ní kí ẹ máa fún un ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ì báà ṣe ọ̀sán, ì báà ṣe òru; bí ẹ bá jẹ́ kí ìrora kọ́kọ́ gbilẹ̀, ọmọ ọdún 6 ni yóò máa jẹ̀rora fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí oògùn tó ràn án lọ́wọ́. Àti pé ìrora tí ó bá pẹ́ lára ọmọdé a máa pa ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ wò ó bóyá ó ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń bọ́ ojú fún un, bóyá ó ń ti ife ẹ̀kọ sẹ́yìn, bóyá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní ìta tí ó sì kọjú sí ògiri. Bí ẹ bá bi í, ó lè ní kò dun òun, nítorí ó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́.

Bàbá Òkè-Àdó ní yóò di bárakú fún un. Àgbà ni wọ́n, n kò fojú di wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí ń mu oògùn nítorí adùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ tí jẹjẹrẹ ń jẹ lẹ́rẹ̀kẹ́, tí dókítà sì ń wọn oògùn fún. Bí ẹ bá dá a dúró lójijì, ara tí ó ti mọ̀ ọ́n yóò gbọ̀n, òógùn yóò bò ó, inú yóò máa run ún, ẹ ó sì rò pé ẹ̀rí ọ̀rọ̀ Bàbá nìyẹn. Dókítà nìkan ni kí ó dín in kù, díẹ̀díẹ̀. Oorun tí ó ń sùn ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ kò burú, ó ti pẹ́ tí kò rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jí i tí kò jí, tàbí tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, kíá ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má sì pa oògùn tí ń mú ìgbẹ́ rọ̀ tì.

Ìwọ fúnra rẹ ni o kọ ọ́ sí mi, ní ọdún tí Bàbá wa re ìwàlẹ̀ àsà, pé wọ́n ń fi eyín di etí aṣọ ìbora mú kí ẹ má baà gbọ́ ìkérora wọn, nígbà tí ìwọ àti Bùọ̀dá Làmídì ń jà ní pálọ̀ lórí mọ́fíìnì yìí kan náà. Òkun là wá láàrin nígbà náà, ó là wá láàrin lónìí, èyí sì ń jẹ mí lọ́kàn lójoojúmọ́. Ẹni mélòó ni a ó tún fojú wa rí nínú irú ìrora bẹ́ẹ̀?

Owó ọkọ̀ sí ilé ìwòsàn wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ.

Ka lẹ́tà yìí sí Bàbá Òkè-Àdó létí, kí o sì fi fóònù pè mí kí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ tó wọlé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àbẹ̀ní