Ọdún tí 3SC Já Bọ́, àti Ohun tí Mo Sọ fún Ọmọ Mi

Wọ́n ní kí èmi náà kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn ìdílé wa lẹ́ẹ̀kan yìí, mo sì ní ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Orí pápá ló ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ inú ilé ló parí sí.

Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀lé 3SC ti Ìbàdàn. Èmi kọ́ ni mo yàn wọ́n. Bàbá mi ló fi wọ́n lé mi lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe fi Ògún lé mi lọ́wọ́. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé wọn wá sí Agége. Lẹ́yìn ilé tí a ń gbé nígbà náà, tí kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ojúbọ Ògún kékeré kan wà: irin rélùwéè tó ti gbó, òkúta méjì, àti màrìwò. Nínú ilé, rédíò wà lórí tábìlì. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ wa bá ń gbá bọ́ọ̀lù, bàbá mi á ti kí Ògún láàárọ̀ kùtù, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á jókòó ti rédíò. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá mi pàápàá, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń rìn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ ni 3SC tẹ́lẹ̀. WNDC ni wọ́n ń pè é nígbà kan, orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni. Ó tún di IICC, kó tó wá di Shooting Stars. Ní 1976, IICC na Tonnerre ti Yaoundé, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Kò tíì sí ẹgbẹ́ kankan láti Nàìjíríà tó gba irú ife bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Bàbá mi gbé mi sí èjìká, wọ́n ń bá mi yí àdúgbò ká. Nínú gbogbo wọn, Muda Lawal ni bàbá mi fẹ́ràn jù, nítorí pé iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń kọ́ kí bọ́ọ̀lù tó gbé e. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i, ọmọ Ògún ni."

Ní 1984, mo ti dàgbà, mo ń kọ́ṣẹ́ irin gígé ní ilé iṣẹ́ kan ní ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà. Ọdún yẹn la bá Zamalek ti Íjíbítì dé àṣekágbá. Wọ́n ti nà wá ní 2-0 ní Cairo. Èmi àti bàbá mi lọ sí Sùúrùlérè láti wo èkejì, pẹ̀lú ìrètí. 1-0 ni wọ́n tún fi nà wá níwájú ilé wa. Nínú mólúè tí a wọ̀ padà, bàbá mi ò sọ nǹkan kan títí a fi dé Òṣòdì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wojú mi, wọ́n ní, "A ó tún wá." Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ.

Lóòótọ́, a tún wá. Ní 1992 a gba ife CAF, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Ní 1996 a tún bá Zamalek kan náà dé àṣekágbá ife àwọn aṣáájú, pẹ̀nárítì ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ wa. Bàbá mi ti re ibi àgbà ń rè nígbà náà. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo ta omi sílẹ̀, mo ní, "Bàbá, wọ́n tún ti ṣe é o."

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ ọdún 2017 tó jẹ́ kí n mú kálámù.

Ẹgbẹ́ ogún ló wà nínú líìgì àgbà, mẹ́rin ló máa já bọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà lara ò ti rọ̀ wá. Ẹ ó gbá dáadáa nílé, ẹ ó lọ ìrìn àjò, wọn á nà yín. Ẹ ó fi góòlù kan ṣáájú, ẹ ó jókòó lé e bí adìẹ tó sàba, wọn á dá a padà nígbà tó bá ku díẹ̀. Àwa alátìlẹ́yìn 3SC tí a wà ní Agége máa ń pàdé lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ní Pen Cinema. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, ńṣe là ń ka ipò wa láti ìsàlẹ̀ tábìlì lọ sókè.

Èyí tó tún dùn mí jù ni pé ní ọdún kan náà, Agége ń jó. MFM, ẹgbẹ́ tí ìjọ Mountain of Fire and Miracles dá sílẹ̀, pápá Agége wa yìí ni wọ́n ti ń gbá. Wọn ò tíì pé ọdún méjì nínú líìgì àgbà, wọ́n sì ti ń bá Plateau United ti Jọ́ọ̀sì du ipò kìíní. Ní ọdún náà ni Sikiru Olatunbosun gbá góòlù kan wọlé Rangers tí CNN fi hàn gbogbo ayé. Stephen Odey ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé títí àwọn ará Switzerland fi wá mú un lọ. Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n bá ń gbá, ìlù á máa dún, ọlọ́kadà kò ní ráyè kọjá.

Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún nígbà náà. Ó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ kan ní Ògbà. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí pápá. Mi ò wí nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó ra jẹ́sì MFM. Mo rí i lórí okùn tí a ń sá aṣọ sí, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Inú mi ń hó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, wọ́n ti nà wá níbì kan, mo jókòó sí pálọ̀, mo pa tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ mi wọlé pẹ̀lú jẹ́sì yẹn lọ́rùn, ó ń kọrin. Mo ní, "Ẹni tó bá fi ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, òrìṣà bàbá rẹ̀ ló máa fi sílẹ̀ lọ́la. Bọ́ aṣọ yẹn, tàbí kí o jáde nílé mi."

Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣeré. Nígbà tó rí ojú mi, ó bọ́ jẹ́sì náà, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí àga. Ó wọ ẹ̀wù mìíràn, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá mi." Ó sì jáde. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìjú ló lọ. Ìyàwó mi kò bá mi jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì bá mi jẹun fún ọjọ́ púpọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, bó ṣe rí lọ́kàn mi nìyẹn: mo rò pé ìdílé ni mò ń gbà là.

Kò pẹ́ sí àkókò yẹn làwọn ará wa ní Pen Cinema dá owó jọ. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lọmọ awo láàárín wa, ẹ bá wa ṣe nǹkan sí i. Ó ku díẹ̀ kí sáà parí." Mùsùlùmí wà nínú wọn, oníṣọ́ọ̀ṣì wà nínú wọn. Mo gba owó náà. Inú mi tiẹ̀ dùn pé wọ́n wá bá wa. Mo wọ ọkọ̀, mo gbé e dé Ìbàdàn, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá báyìí.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo rojọ́, mo kó owó sílẹ̀. Bàbá kò fọwọ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀. Wọ́n ń wò mí.

Wọ́n ní, "Àwọn tí ẹ fẹ́ nà yẹn, ṣé wọn ò ní orí tiwọn ni?"

Mo ní, "Wọ́n ní, sà."

"Àwọn ọmọ tiyín, ṣé wọ́n ń jí sáré láàárọ̀? Ṣé wọ́n ń gbọ́ ti ẹni tó ń kọ́ wọn? Ìyẹn lẹbọ tó wà ńbẹ̀. Dá owó olówó padà. Ọmọ rẹ ńkọ́?"

Mo dorí kodò. Wọ́n ní wọ́n ti gbọ́. Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò rí èsì fún: "Ìgbà wo lo kúnlẹ̀ níwájú Ògún gbẹ̀yìn, tó ò mẹ́nu ba bọ́ọ̀lù?"

Mo gbìyànjú láti rántí. Láti oṣù kìíní, gbogbo obì tí mo pa, gbogbo ẹmu tí mo ta sílẹ̀, 3SC ni mo fi ń tọrọ. Iṣẹ́ òru tí ọmọ mi ń ṣe nídìí ẹ̀rọ, níbi tí irin ti lè gé ọwọ́ èèyàn nígbàkígbà, mi ò fi tọrọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi tí mo ṣiṣẹ́ irin fún ọgbọ̀n ọdún! Èmi tí mo mọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe!

Bàbá kò tíì ṣe tán. Wọ́n ní, "O sọ fún ọmọ rẹ pé yóò fi òrìṣà bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ta ló sọ fún ẹ pé Ògún la bí bàbá rẹ bá? Ṣàngó ni bàbá tiwa ń bọ nínú ilé yìí. Iṣẹ́ rélùwéè ló mú bàbá rẹ dé ìdí Ògún. Nígbà tó wá sọ fún bàbá wa pé òun ti gbé Ògún kalẹ̀ ní Agége, ṣé o mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní kó máa ṣe é dáadáa, kó sì rántí wá sílé lọ́dún. Wọn ò lé e jáde."

Mi ò gbọ́ ìyẹn rí láyé mi. Mo ti di ẹni àádọ́ta ọdún ó lé.

Mo padà sí Agége, mo dá owó kálukú padà fún un ní Pen Cinema. Àwọn kan bínú. Ẹnì kan ní bóyá n kò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù kẹsàn-án, sáà parí. 3SC já bọ́ kúrò nínú líìgì àgbà. MFM ṣe ipò kejì. Leventis United ti lọ, Abiola Babes ti lọ, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí owó oníṣòwò gbé dúró nígbà èwe wa ti lọ. Lọ́jọ́ yẹn mo rò pé ó ti kan tiwa.

Mo fọ jẹ́sì ọmọ mi fúnra mi, mo lọ̀ ọ́, mo gbé e sínú ọ̀rá, mo lọ sí Ìjú. Orí ìdúró ni mo wà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin oní-ipò kejì. Mo ṣe àṣìṣe. Máa bọ̀ nílé." Ó gba ọ̀rá náà, ó wò ó, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ pẹ̀lẹ́ nítorí 3SC." Mo ti lọ síbẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́, òun ló wá ń tù mí nínú.

Nígbà tí MFM lọ sí ìdíje Áfíríkà ní 2018, èmi àtọmọ mi la jọ jókòó ní pápá Agége. Mo pariwo. Ẹ máà sọ fún àwọn ará Ìbàdàn.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ọdún la lò nísàlẹ̀. Nínú sáà 2021 sí 2022, 3SC padà sínú líìgì àgbà. Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń yí: sáà kan náà yẹn ni MFM já bọ́. Ọmọ mi pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ tí ó dá a lójú pé wọ́n ti lọ. Ó ti ní ìyàwó báyìí, ilé tirẹ̀ ló wà. Kò tètè sọ̀rọ̀. Èmi náà kò sọ nǹkan kan, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ẹnu ń yún mi láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, irọ́ ò sí ńbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún mi ní Òṣòdì ní 1984 ló jáde.

Mo ní, "Ẹ ó tún wá."

Nígbà ọdún Ògún tó kọjá, iṣẹ́ ni ọmọ mi ti wá tààrà. Ó gbé iṣu sísun àti ẹmu wá, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní èjìká rẹ̀. Jẹ́sì àtijọ́ yẹn ló wọ̀, ó ti ṣá. Ó kúnlẹ̀ síwájú irin bàbá mi, ó tọrọ àlàáfíà fún gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni ò ní kó bọ́ aṣọ rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí inú ẹbí wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí ọ̀nà wálé. Orí wa kò ní gbàbọ̀dè. Irin kò ní fi wá ṣe ẹbọ. Ilé wa kò ní dàrú. Àṣẹ.