Ìrìn tí Ẹnikẹ́ni Kò Rán Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo ti pa òwe yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, orí àga ni mo ti máa ń pa á. Ọkọ̀ ni ó ń gbé mi dé ibi gbogbo tí mo bá ń lọ. Ọdún 2016, nígbà tí mo lọ kọ́ni fún ọdún kan ní Amẹ́ríkà, ni mo tó fi ẹsẹ̀ ara mi wá ìdí òwe náà.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni ó fà mí lọ. Òyìnbó tí ó ń kọ́ni ní ìtàn ni ẹni kìíní. Ẹni kejì jẹ́ obìnrin adúláwọ̀, ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ Maryland, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé. Ọmọ Ìbàdàn ni ẹni kẹta, nọ́ọ̀sì ni, òun ni ó sì kéré jù nínú wa. Wọ́n ní kí a fi òpin ọ̀sẹ̀ kan rin gbogbo apá tí ó wà ní Maryland lára ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail. Ọ̀nà yìí gùn tó nǹkan bí 2,190 máìlì, ó sì gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá, láti Georgia ní gúúsù títí dé Maine ní àríwá. Benton MacKaye ni ó dá àbá rẹ̀ ní ọdún 1921. Ọdún 1937 ni wọ́n là á parí. Ti Maryland kò ju nǹkan bí máìlì 41 lọ. 'Kò ju' ni wọ́n wí! Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Iléṣà dé Ifẹ̀ tí ó sì tún fi ẹsẹ̀ padà, tòun ti ẹrù lẹ́yìn, lórí òkè. Mo bi wọ́n pé ta ni a fẹ́ lọ kí níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà, ni a gbéra ní Pen Mar, lórí ààlà Maryland àti Pennsylvania. Mason àti Dixon ni wọ́n wọn ààlà yìí láàárín ọdún 1763 sí 1767. Ní Pennsylvania, òfin ọdún 1780 ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa òwò ẹrú rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní Maryland, àfi ní ọdún 1864 ni àwọn ẹrú tó gba òmìnira. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa fi ń fi òru rìn lọ sí ìhà ààlà náà, láìní bàtà gidi, tí ajá àwọn ọdẹ ènìyàn ń tọ ipasẹ̀ wọn. Ọ̀rẹ́ wa obìnrin dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rìn ín láti àríwá wá sí gúúsù, ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú oúnjẹ nínú àpò, kí òun lè mọ ohun tí òun ní. Kò sí ẹni tí ó fèsì nínú wa.

Ìgbà ìwọ́wé ni. Ẹni tí kò bá rí i rí kò lè mọ̀ bí ewé igi ti í pọ́n bí epo, tí òmíràn í pupa bí osùn, tí òmíràn sì í dà bí ìyeyè tí ó gbó. Ṣùgbọ́n ẹwà náà ní ẹ̀tàn nínú. Òkúta pọ̀ lójú ọ̀nà ní apá àríwá yẹn, ewé sì ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí kò jẹ́ kí a ṣìnà ni ọ̀dà funfun tí wọ́n fi sí ara igi, ìnṣì 2 ní ìbú, ìnṣì 6 ní gíga. Mo rántí àwọn ọdẹ ilé wa tí wọ́n ń ṣẹ́ ewé sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní alẹ́, a so oúnjẹ wa kọ́ sókè nítorí ẹranko béárì, a sì sùn nínú àtíbàbà onígi kan tí kò ní ògiri níwájú. Òtútù kò jẹ́ kí n fojú kan oorun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ojú mi rí màbo. Máìlì 20 ni a rìn lọ́jọ́ yẹn. A dé orí àpáta Annapolis Rocks, a rí àfonífojì lọ bí ilẹ̀ ti tẹ́ tó. A dé ibi ilé ìṣọ́ olókùúta tí àwọn ará Boonsboro fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ní ọdún 1827 ní ìrántí George Washington. Ṣùgbọ́n orúnkún mi kò gbọ́ ìtàn mọ́. Níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ti dábùú ọ̀nà wa, mo jókòó, mo ní kí wọ́n máa lọ, èmi yóò wá ọkọ̀ wọ̀. Ọmọ Ìbàdàn náà tú àpò mi wò. Ó yọ ìwé ńlá méjì jáde.

'Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó ní kí ẹ gbé ìwé atúmọ̀ èdè wá sórí òkè?'

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, láìsọ ohunkóhun, wọ́n pín ẹrù mi láàárín ara wọn. Mo dìde.

Ní ọjọ́ Àìkú a sọ̀ kalẹ̀ láti Weverton, ọ̀nà náà ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, gbogbo ìṣísẹ̀ ni ó sì ń ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi mọ́ imú bàtà. A gba etí odò Potomac, a gun afárá tí ó lọ sí Harpers Ferry. Orí afárá ni olùkọ́ ìtàn ti rán wa létí pé ọjọ́ 16 oṣù Ọ̀wàrà ni, ọjọ́ Àìkú kan náà tí John Brown, ní ọdún 1859, fi ẹsẹ̀ sọdá odò yìí lóru pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ láti gba ilé ìkóhun-ìjà ìjọba, kí ó lè tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti so ó kọ́.

Nígbà tí mo bọ́ bàtà, èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti dúdú bí èédú. Mo mọ èékánná yẹn. Ti bàbá mi ni.

Òṣómàáló ni bàbá mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, kí ó tó rí owó ra kẹ̀kẹ́, ó máa ń ru aṣọ láti Iléṣà gba Èkìtì kọjá dé Àkókó, yóò máa tà á ní àwìn láti abúlé dé abúlé. Bí ó bá padà lọ gba owó, yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí onítọ̀hún yóò fi san án. Ibẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ náà ti wá. Èrè rẹ̀ ni ó fi ṣí ìsọ̀ tí ó fi rán mi lọ sí ilé-ìwé. Síbẹ̀, nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, n kì í fẹ́ kí ó wọ sálúbàtà wá kí mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sán, èékánná rẹ̀ dúdú, ojú sì máa ń tì mí lójú àwọn ẹgbẹ́ mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba owó oṣù, bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ ni mo rà fún un. Gbogbo ènìyàn yìn mí. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí bàtà náà wà fún.

Ní ọjọ́ Ajé mo pè é lórí tẹlifóònù. Ó ti lé ní ẹni ọdún 85 nígbà náà.

'Bàbá, ẹ kú ọ̀sán o. Mo fi ẹsẹ̀ rin máìlì 41 láàárín ọjọ́ mẹ́ta.'

'Ṣé ọkọ̀ bàjẹ́ ni?'

'Rárá, sà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ni a ní kí a rìn.'

'Kí ni o rù?'

'Oúnjẹ àti aṣọ òtútù.'

'Èló ni o rí tà?'

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wá bi í ní ohun tí n kò bi í rí: ibo ni ó ń sùn, ta ni ó ń bá a sọ ẹrù, kí ni ó ń fi sí ẹsẹ̀ lálẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, 'O kò bi mí rí.' Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn abúlé náà fún mi ní ẹsẹẹsẹ, àti ẹni tí ó gbà á sílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2018 ni ó papò dà.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rìn fún ìgbádùn. Orúnkún mi ti san, bí ẹ bá sì pè mí, n óò tún lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìrìn tí a kò rán ènìyàn, tí ó lè jókòó nínú rẹ̀ kí ó ní òun fẹ́ wá ọkọ̀ wọ̀, ọrọ̀ ni. Ẹsẹ̀ àwọn tí kò lè jókòó ni ó la ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ṣì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ilé yín, ẹ bi í ní ìbéèrè kí ilẹ̀ tó ṣú.