Àwa Tí A Fi Kẹ̀kẹ́ Mú Àlejò Gun Òkè Ìjẹ̀ṣà

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ẹni tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn ní yunifásítì, ni ó bi mí ní ìbéèrè kan nígbà tí mo dá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé. Ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé lóòótọ́ ni àwọn ènìyàn ń sanwó fún yín kí ẹ lè fi kẹ̀kẹ́ mú wọn gun òkè?" Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ fi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó síwájú tí mo rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé bí àwa tí a ṣe iṣẹ́ náà bá kú tán láìsọ̀rọ̀, àlọ́ ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn wa yóò pè é, àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àwọn tí kò mọ̀ wá dáadáa a máa kà wá mọ́ àwọn tí ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà. A ń lẹ táyà, a sì ń yá ènìyàn ní kẹ̀kẹ́, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń yangàn ni pé a ń ṣáájú àlejò, kẹ̀kẹ́ tiwa níwájú, tirẹ̀ lẹ́yìn, láti Iléṣà kọjá Ìbòkun àti Ẹ̀sà-Òkè dé Ìmẹ̀sí-Ilé, tàbí láti Ìwàràjà gba ìhà Ẹ̀rìn lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, títí dé Ìkógòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó fún iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ láìmọ̀, nígbà tí ó dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, tí wọ́n sì ń rán àwọn olùkọ́ tí kò gun òkè rí lọ sí abúlé tí mọ́tò kì í dé. Àwọn olùkọ́ wọ̀nyí ni oníbàárà wa àkọ́kọ́; lẹ́yìn wọn ni àwọn òyìnbó tí ń wá ìtàn kiri, lẹ́yìn òyìnbó ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ifẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn àgùnbánirọ̀.

Ẹni tí ó kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, òṣómàáló ni kí ó tó di oníkẹ̀kẹ́. Ní ìgbà èwe rẹ̀, aṣọ ni ó ń kó lọ sí ilẹ̀ Èkìtì, ilé iyì, ilé ẹ̀yẹ, tí ó ń tà á ní àwìn, tí ó sì ń padà lọ gbowó. Gbèsè ni ó kọ́ ọ ní ọ̀nà, nítorí kò sí pàlàpálá òkè tí onígbèsè kò lè sá sí, kò sì sí èyí tí ọ̀gá mi kò lè bá a dé. Ó mọ odò tí a lè là kọjá ní ẹ̀ẹ̀rùn àti èyí tí a kò gbọdọ̀ dán wò bí òjò bá rọ̀. Ó mọ ìyá tí ń fún aláàárẹ̀ lómi mu láìgbowó. Ó mọ ọba tí a gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí kí a tó rìn kiri lórí ilẹ̀ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n, yóò ní kí n gé ẹ̀ka igi, kí n so ó mọ́ kárìyà kí ó máa wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn wa, ẹni tí ó bá sì fi í rẹ́rìn-ín yóò mọ ìdí rẹ̀ nígbà tí rọ́bà bíréèkì tirẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Àkùkọ kejì kò gbọdọ̀ kọ bá wa nílé. Àwọn àlejò a máa yìn ín pé ó fẹ́ kí àwọn rí bí oòrùn ti ń yọ lórí òkè, òun náà a sì gba oríyìn náà tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé àṣà òṣómàáló ni, ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè kí onígbèsè tó jí lọ sí oko.

Ilẹ̀ tí wọ́n ti ja ogun Kírìjì, láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, àpapọ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ni ibi tí ọlá ọ̀gá mi ti ń hàn jù. Bàbá tí ó bí i wà lára àwọn tí ó tẹ̀lé Ọ̀gẹ̀dẹ̀ngbé Agbógungbórò, ọ̀gágun Ìjẹ̀ṣà, lọ sí ogun náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì tán títí di 1893. Ọ̀gá mi kì í sọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀ ní Iléṣà. Yóò jẹ́ kí àlejò gun òkè títí èémí rẹ̀ yóò fi fẹ́ pin, kí ó tó ní kí ó sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, kí ó sì yíjú padà. Nígbà náà ni yóò na ọwọ́ sí ìhà Ìgbájọ níbi tí Ìbàdàn pàgọ́ sí, yóò fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ Ìmẹ̀sí-Ilé tí a dúró lé, níbi tí Èkìtìparapọ̀ ti kọjú sí wọn. Yóò sọ ti Fábùnmi, akọni Òkèmẹ̀sí, tí ó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn nígbà tí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn ará ìlú pọ̀ jù. Yóò sọ ti Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, tí ó kú sí àgọ́ ní 1885, àti ti àdéhùn àlàáfíà 1886 tí wọ́n fọwọ́ sí tí ó sì tún gba ọdún bíi méje kí àgọ́ tó tú. "Ìwé yín," ni ó máa ń wí fún àwọn olùkọ́, "sọ pé ìbọn tí àwọn ọmọ wa fi ránṣẹ́ láti Èkó ni ó mú ogun náà pẹ́. Ẹ bi ẹsẹ̀ yín léèrè nísinsìnyí, yóò sọ fún yín pé òkè ni." Mo ti gbọ́ àlàyé àwọn ọ̀mọ̀wé láti ìgbà náà wá, kò sí èyí tí ó wọ̀ mí létí tó ti ọ̀gá mi.

Ohun èlò kan wà tí mo ń dárò títí di òní: àtùpà kábáàdì rẹ̀. Irú rẹ̀ ni àwọn ọdẹ ń dè mọ́rí lọ sí ìgbẹ́, ṣùgbọ́n iwájú kẹ̀kẹ́ ni ti ọ̀gá mi ń jókòó sí, omi lókè, kábáàdì nísàlẹ̀; bí omi ti ń kán sí i ni òórùn rẹ̀ yóò gba imú, iná funfun báláú yóò sì la ọ̀nà sílẹ̀. Dáínámò tí gbogbo ayé ń yìn kò tó o, nítorí dáínámò kì í tàn dáadáa àfi bí kẹ̀kẹ́ bá ń sáré, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí ènìyàn ti nílò ìmọ́lẹ̀ jù lórí òkè ni ibi tí ó ti ń fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́. Èmi ni ọ̀gá fi í jogún fún. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọkùnrin kan tí ó ní òun ń kó ohun ìgbà àtijọ́ jọ fún ilé-iṣẹ́ ìjọba kan gbà á lọ́wọ́ mi, ó kọ ìwé ẹ̀rí fún mi, ó sì ṣèlérí pé a ó kọ orúkọ ọ̀gá mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. N kò rí àtùpà mọ́, n kò rí ọkùnrin náà, ìwé ẹ̀rí nìkan ni ó kù lọ́wọ́ mi. Àwọn ará ilé mi ní èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e jáde. Kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe? Bí mo bá tì í bọ abẹ́ ibùsùn, àwọn kan náà ni yóò ní mo pa ìtàn mọ́lẹ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Ní oṣù kẹrin ọdún 1972, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sí ọ̀tún, a sì bọ́ sí i. Owó epo dé, ọ̀dà dé ojú ọ̀nà, olùkọ́ tí ń fi Raleigh ṣògo ra mọ́tò. Náírà ṣubú lẹ́yìn 1986, táyà gidi di ọ̀wọ́n gógó. Gbogbo èyí ni a fara dà; ọ̀kadà ni ó ṣẹ́ wa lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ mi tí mo kọ́ títí wọ́n fi lè to sípóòkù lójú òkùnkùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gba òmìnira tí wọ́n sì lọ jókòó sórí alùpùpù, tí wọ́n ń gbé àlejò dé ìdí ìsun omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tí àlejò ń gun ìpele kìn-ín-ní nínú méje, tí ó ń ya fọ́tò, tí ó sì ń padà lọ jẹun. Ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí a gbé sẹ́yìn ọ̀kadà, ẹ̀yìn ọlọ́kadà ni yóò rí.

Wọ́n ní ọwọ́ mi le, pé ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ náà fi sá. Bí ọwọ́ mi kò bá le, ta ni ì bá bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí bíréèkì bá já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Ẹnì kan kò kú mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ní owó mi pọ̀. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò ra rọ́bà bíréèkì rí, kò sì mọ̀ pé mo ń fún onílé tí a sùn sí ní tirẹ̀, mo ń fún ẹni tí ó ṣí ọ̀nà ojúbọ fún wa ní tirẹ̀, kí n tó ka èyí tí ó kù. Wọ́n ní ǹ bá ra ọ̀kadà bí ti ẹgbẹ́ mi. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nígbà náà. Èmi ni n kò fẹ́.

Odò Ọ̀ṣun, yèyé olómi tútù, Ìgèdè-Èkìtì ni ó ti ṣẹ̀, igbó rẹ̀ ní Òṣogbo sì ti wà nínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti 2005. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n láti orísun dé igbó náà, àwọn àfonífojì àti òkè tí ó wà láàárín kò ní ẹni tí ń fi wọ́n han àlejò mọ́. Mo ń bẹ ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi pátákó ìkíni káàbọ̀ nìkan ṣe iṣẹ́. Ẹ wá àwọn àgbà tí ó mọ ọ̀nà, kí ẹ sì sanwó fún wọn nígbà tí wọ́n ṣì lè gun kẹ̀kẹ́. Ìwọ ọmọ ọmọ mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ, ẹ yá kẹ̀kẹ́, ẹ jí kùtùkùtù, ẹ gba Ìbòkun gun òkè lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Bí ẹ bá débẹ̀ tí ẹ ṣì gbà pé ìbọn ni ó mú ogun Kírìjì pẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ padà wá bá mi jiyàn.